Ẹ Wo Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọlọ́run: Kí Ló So Egungun Pọ̀?

  Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa ní ojú ìwé yìí, a tún fẹ́ kí a jọ wo ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá. Ẹ̀dá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe erin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kìnnìún. Ẹ̀dá kékeré inú òkun ni, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì fi ojú rí i rí. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú egungun rẹ̀ kan gbogbo ilé tí ń bẹ ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Okokomaiko.

ÒKUN KÒ JÌNNÀ SÍ WA

Àwa tí a ń gbé ní agbègbè Ọ̀jọ́ mọ̀ pé omi ló yí wa ká. Ọ̀sà wà lẹ́yìn ìlú. Bí a bá fi ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, a ó kan ilẹ̀ oníyanrìn tóóró, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun ńlá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òkun ti wọ inú ilẹ̀ ju báyìí lọ rí. Láti ìhà gúúsù ìlà oòrùn Ghana, gba Tógò àti ilẹ̀ Benin kọjá, títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, omi òkun ti bo ilẹ̀ ní ìgbà láéláé. Ohun tí ó fi sílẹ̀ nígbà tí ó padà ni òkúta ẹfun.

Òkúta yìí ni wọ́n ń wà ní Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960. Àwọn onímọ̀ ti rí ìkarahun, alákàn àti oríṣiríṣi ẹ̀dá òkun mìíràn nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí bíríkìlà tí ń po sìmẹ́ǹtì ní Ìbà, ẹ rántí pé ó ṣeé ṣe kí egungun ẹ̀dá òkun àtijọ́ wà lára ohun tí wọ́n sun kí sìmẹ́ǹtì náà tó jáde. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí ìwé ẹ̀dá inú òkúta wà, kí ó má lọ jìnnà. Ó wà lára ògiri ilé rẹ̀.

ÌRÀWỌ̀ ÒKUN ẸLẸ́GẸ́

Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe ẹ̀dá wa ti oṣù yìí ni brittle star. Àwa yóò máa pè é ní ìràwọ̀ òkun ẹlẹ́gẹ́, nítorí pé ó rí bí ìràwọ̀, apá rẹ̀ sì tètè ń já. Àárín ara rẹ̀ rí roboto bí owó kọ́bọ̀. Láti ara àárín yìí ni apá márùn-ún ti yọ jáde, wọ́n gùn, wọ́n sì ń rìn lọ́nà kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Kódà, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ejò wà nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ìdílé rẹ̀. Irú rẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ nínú òkun ayé lónìí lé ní 2,000. Ẹ̀dá òkun oníẹ̀gún tí ó rí bí bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní urchin, jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Kò ní ọpọlọ ní orí, kódà kò ní orí. Òrùka iṣan kan tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká ni ó ń bá apá márààrún sọ̀rọ̀. Ẹnu náà wà ní abẹ́ ara, àgbọ̀n márùn-ún sì dojú kọ ara wọn níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú eyín rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ka egungun inú apá kan. Apá náà ní oríkèé oríkèé bí ìrèké. Nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan, awẹ́ egungun ńlá márùn-ún ni a ó rí. Ọ̀kan wà ní àárín gbùngbùn, ó sì dà bí egungun ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn. Awẹ́ méjì ni ó para pọ̀ di ẹyọ kan yìí, bí awẹ́ obì tí ó lẹ̀ mọ́ ara wọn. Mẹ́rin yòókù yí i ká bí yàrá: ọ̀kan ní òkè bí òrùlé, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ó ń ru ẹ̀gún tí ẹ̀dá náà fi ń di ilẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí apá kan bá ní oríkèé 100, awẹ́ egungun 500 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 2,500. A kò tíì ka ẹ̀gún, a kò tíì ka àgbọ̀n, a kò tíì ka àwọn ìpẹ́ tí ó bo àárín ara. Gbogbo èyí wà nínú ẹ̀dá tí ó lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ta ni ó kà wọ́n, tí ó tò wọ́n, tí ọ̀kan kò ṣì sí ipò èkejì? Ògo ni fún orúkọ Olúwa.

Ohun tí a fi ṣe awẹ́ wọ̀nyí ni irú èyí tí ó wà nínú èèpo ẹyin adìẹ àti nínú òkúta ẹfun Ewékorò. Ó le. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wò ó, a ó rí i pé ó kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí fóòmù. Kí ni iṣẹ́ ihò náà? Inú rẹ̀ ni iṣan ń gbà, bí òwú ṣe ń gba inú aṣọ, láti so awẹ́ kan mọ́ ìkejì.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Oríkèé kan kò lẹ̀ mọ́ èkejì. Kò sí sìmẹ́ǹtì láàárín wọn. Egungun kan ní kókó, èkejì ní ihò tí ó gba kókó náà, wọ́n sì bá ara wọn mu. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n túká ni ẹran ara àti iṣan, ohun rírọ̀ tí ọbẹ lè gé. Iṣan yìí tún ní àrà kan tí iṣan tiwa kò ní. Ẹ̀dá náà lè pàṣẹ fún un kí ó le gbagidi, ó sì lè pàṣẹ fún un kí ó dẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ẹja tàbí alákàn bá gbá a ní apá mú, yóò dẹ iṣan ibẹ̀, yóò jọ̀wọ́ apá náà, yóò sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ìgbà ti ń lọ, apá tuntun yóò hù, oríkèé lórí oríkèé, pẹ̀lú awẹ́ márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

NÍGBÀ TÍ IṢAN BÁ JẸRÀ

Bí ìràwọ̀ òkun ẹlẹ́gẹ́ bá kú sí ìsàlẹ̀ òkun, iṣan rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń jẹrà. Kì í pẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, awẹ́ egungun rẹ̀ yóò ti tú, omi yóò sì gbá wọn káàkiri. Kò sí èyí tí ó fọ́. Kò sí èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo wọn le bí wọ́n ṣe le, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó so wọ́n mọ́. Ó dà bí ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Nítorí èyí, ohun tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń rí nínú òkúta kì í ṣe odindi ẹ̀dá náà. Awẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣà. Ní ọdún 2011, onímọ̀ méjì, Ben Thuy àti Sabine Stöhr, tẹ ìwádìí kan jáde lórí awẹ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ apá. Wọ́n fi hàn bí àmì ara rẹ̀ ṣe lè sọ irú ẹ̀dá tí ó ni ín: bí ojú ihò ẹ̀gún ṣe rí, bí ilà ara rẹ̀ ṣe tò. Awẹ́ kan tí ó lè má ju orí pínnì lọ ṣì ń jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Àmì ìdílé ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé náà kò sí mọ́.

ẸLẸ́RÌÍ MÉJÌ NÍNÚ ÒKÚTA

Ẹlẹ́rìí kìíní kò jìnnà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Okokomaiko, tí ó gba Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu kọjá, yóò dé Tógò. Nínú òkúta ẹfun ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí ẹ̀dá kékeré kan tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, ìbátan àwọn urchin, tí irú rẹ̀ kò sí láyé mọ́. Paul Oppenheim, ará Jámánì, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1915, ó sì sọ ọ́ ní Togocyamus láti ara orúkọ Tógò. Àwọn onímọ̀ ka ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún. Òun náà ní awẹ́ egungun, ìlà 20 ni wọ́n sì tò sí yí ara rẹ̀ ká bí ti gbogbo ìbátan rẹ̀ tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n awẹ́ tirẹ̀ wọnú ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì di ìkarahun kan ṣoṣo. Nítorí náà, odindi rẹ̀ ni a ń bá nínú òkúta. Òun kò gbẹ́kẹ̀ lé iṣan nìkan.

Ẹlẹ́rìí kejì wà ní Jámánì fúnra rẹ̀, ní abúlé Bundenbach, níbi tí wọ́n ti máa ń wa òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé nígbà kan rí. Nínú òkúta wọ̀nyí ni wọ́n ti rí ìràwọ̀ òkun ẹlẹ́gẹ́ kan tí ìdílé rẹ̀ ti parẹ́ láyé. Ọ̀gbẹ́ni Stürtz sọ ọ́ ní Furcaster ní ọdún 1886. Nǹkan bí mílíọ̀nù 400 ọdún ni àwọn onímọ̀ kà fún òkúta náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé òun kò ní ìkarahun bíi ti ará Tógò yẹn. Iṣan ni ó so ó pọ̀ bíi ti àwọn ìbátan rẹ̀ tòní. Síbẹ̀, odindi ni wọ́n bá a, apá márààrún pé, oríkèé tẹ̀ lé oríkèé títí dé ṣóńṣó. Nínú òmíràn, gbogbo apá tẹ̀ sí ọ̀nà kan náà, bí ẹni pé omi tí ń sàn ni ó gbá wọn.

Kí ló dé tí kò túká? Ẹrẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ kíákíá kí iṣan rẹ̀ tó jẹrà. Lẹ́yìn náà ni ohun kan tí ó ti ara irin àti imí-ọjọ́ wá, tí ń dán bíi wúrà, bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò ara rẹ̀. Nítorí ohun dídán yìí ni ẹ̀rọ X-ray, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun wa ní ilé ìwòsàn, ṣe lè rí i láì la òkúta. W. M. Lehmann lo ẹ̀rọ náà fún iṣẹ́ ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 1957. Wilhelm Stürmer ti ilé iṣẹ́ Siemens tẹ̀ síwájú lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2020, àwọn onímọ̀ tún fi ẹ̀rọ CT wo Furcaster àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn, kí wọ́n lè mọ bí oríkèé wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà láàyè.

Wọ́n rí i pé egungun àárín apá Furcaster tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ara okùn. Awẹ́ méjèèjì tí ó ṣe ẹyọ kan dojú kọ ara wọn. Nínú àwọn mìíràn tí ó tún pẹ́ jù ú lọ, awẹ́ ọ̀tún àti ti òsì kì í dojú kọ ara wọn rárá. Ọ̀kan a wà níwájú, èkejì a wà lẹ́yìn díẹ̀.

ILÉ TÍ Ó LE, TÍ KÒ SO PỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ilé wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣiṣẹ́ kára. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà, a ra ilẹ̀, a kọ́lé, a gbẹ́ kànga oníẹ̀rọ, a mọ odi yí i ká, a fi géètì irin sí i. Egungun ilé le. Ṣùgbọ́n bàbá ń jáde ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ kí gosíló má bàa ká a mọ́ títì. Ìyá ń ti ṣọ́ọ̀bù ní Àlàbà tàbí ní Ìyànà-Ìbà kí ó tó wálé ní alẹ́. Ọmọ kan ti jẹun sùn, èkejì wà lórí fóònù. Wọ́n ń gbé abẹ́ òrùlé kan, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àmì ìdílé wà ní ojú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó bá ta ni sọ̀rọ̀ lónìí?

Kì í ṣe odi ni ó so ilé pọ̀. Ohun rírọ̀ ni: oúnjẹ alẹ́ tí a jọ jẹ, àdúrà òwúrọ̀ tí a jọ gbà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" láti ẹnu ọkọ sí aya, ìbéèrè tí bàbá bi ọmọ tí ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwọn ohun wọ̀nyí kò náni lówó, nítorí náà a kì í kà wọ́n sí. Bí wọ́n bá sì jẹrà, ariwo kì í sọ. Ọjọ́ tí ìṣòro bá ṣàn wọlé bí omi ni a ó tó mọ̀ pé a ti tú ká tipẹ́.

Nínú ìwé Esekiẹli orí 37, ẹ ṣàkíyèsí ètò tí Olúwa tẹ̀ lé ní àfonífojì náà. Àwọn egungun sún mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n Olúwa kò dúró níbẹ̀. Iṣan dé, ẹran dé, awọ bò wọ́n, kí èémí tó wọ inú wọn. Egungun tí ó kàn sún mọ́ egungun lásán kì í ṣe ogun Olúwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé tí ó kàn ń gbé inú ilé kan náà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìjọ tí ó kàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ẹ má gbàgbé apá tí ẹ̀dá náà ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fẹ títì Badagry ní 2009, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ni wọ́n wó lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdílé tí àárín rẹ̀ so pọ̀ lè pàdánù ṣọ́ọ̀bù kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Apá já ni, yóò tún hù. Ṣùgbọ́n bí àárín bá ti tú, owó ìtanràn kò lè tún un so. Nítorí náà, bí èṣù bá gbá wa mú ní ibi ohun ìní tàbí ìgbéraga, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ó jọ̀wọ́, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ láéláé.

Ọ̀RỌ̀ KAN FÚN ÀWỌN ÒBÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́

Láti 1983 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí ọgbà ńlá rẹ̀ wà ní Ọ̀jọ́ wa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko àti òkúta. A mọ̀ pé iye ọdún tí a kọ sókè yìí yóò mú kí àwọn kan nínú yín mi orí. A kọ ọ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe kà á. A kò kọ ọ́ láti dá ìjà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí a máa ń rí. Ọmọ yóò dé láti ilé ẹ̀kọ́, inú rẹ̀ yóò dùn sí ohun tí ó rí lábẹ́ ẹ̀rọ, yóò fẹ́ sọ ọ́. Bàbá yóò jágbe mọ́ ọn pé kí ó má gbé ọ̀rọ̀ ayé wọ ilé ìgbàgbọ́. Ọmọ náà yóò dákẹ́. Yóò máa wá sí ìsìn, yóò máa kí bàbá àti ìyá, ṣùgbọ́n kò ní bi wọ́n ní ìbéèrè mọ́. Ìbéèrè rẹ̀ kò kú o. Ibòmíràn ni ó gbé e lọ. Iṣan kan ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà níbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má bẹ̀rù ìbéèrè ọmọ yín. Ẹlẹ́dàá tí ó to egungun 2,500 sínú ẹ̀dá tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ kò ní mì nítorí ìbéèrè ọmọ ogún ọdún. Ẹ sọ fún un pé, "Jókòó, fi han èmi náà." Lẹ́yìn náà, ẹ jọ gbàdúrà. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹnu kò lórí ohun gbogbo, ọmọ náà yóò mọ̀ pé òun ṣì lè sọ̀rọ̀ nílé. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má fi ìwé tí ẹ kà fojú tín-ín-rín òbí tí ó ta aṣọ rẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́ yín.

Ẹ KÀ Á PAPỌ̀ NÍLÉ

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jọ ka Esekiẹli 37:1-14, Éfésù 4:11-16 àti Kólósè 3:12-15. Kí olúkúlùkù dáhùn, láti orí bàbá dé orí ọmọ tí ó kéré jù:

1. Kí ni ohun rírọ̀ tí ó so ilé wa pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí a kò ṣe mọ́?
2. Ta ni ó dákẹ́ nínú wa, tí a kò bi í pé kí ló dé?
3. Alẹ́ ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni gbogbo wa yóò jọ jẹun?

Bàbá wa ọ̀run, Ìwọ tí o so egungun ẹ̀dá ìsàlẹ̀ òkun pọ̀, so ilé wa pọ̀. Ibi tí iṣan ìfẹ́ ti jẹrà, fi Ẹ̀mí Mímọ́ rẹ sọ ọ́ di ọ̀tun. Mú àwọn ọmọ tí ó wà nílé ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn ti lọ padà bọ̀. Má ṣe jẹ́ kí ìdílé kankan nínú ìjọ yìí di orúkọ lásán. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.